Ilé Tó Dọ̀pọ̀: Ta Ló Dọ̀pọ̀ Fún?

Ìbéèrè kan ti ń dà wá láàmú láti ìgbà tí a ti kó dé Kétu, a sì fẹ́ gbé e ka iwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa, kí á lè jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí tọkọtaya ọ̀dọ́ kan bá kúrò ní ìlú ńlá nítorí pé owó ilé ti kọjá agbára wọn, tí wọ́n sì lọ tẹ̀dó sí ìlú kékeré tí yunifásítì wà, níbi tí ilé ti dọ̀pọ̀, ǹjẹ́ wọ́n jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè lẹ́yìn owó tí wọ́n ń san fún onílé lóṣooṣù? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé rárá. Àwa náà ti dáhùn bẹ́ẹ̀ rí. A wá ilé, a rí ilé, a san owó, ọ̀rọ̀ parí. Ohun tí a fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí ni ìdí tí a kò fi lè dáhùn bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ sọ bí a ṣe kúrò ní Kútọnu, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ ohun tó lé ni jáde kò lè ṣe ìdájọ́ ibi tí a sá lọ. Ọdún mẹ́ta ni a fi gbé níbẹ̀ lẹ́yìn ìgbéyàwó wa. Ọ̀kan nínú wa ń kọ́ni ní ìtàn àti jọ́gíráfì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, èkejì ń rán aṣọ. Yàrá méjì tí a ń gbé wà ní àdúgbò tí omi òjò máa ń wọ̀. Bí oṣù kẹfà bá ti dé, orí bíríkì ni a ń gbé àpò ìrẹsì àti ẹ̀rọ ìránṣọ lé, a ó sì máa fi pákó ṣe afárá láti ẹnu ọ̀nà dé ojú títì. 45 000 fráǹkì ni a ń san lóṣù fún yàrá méjì yìí. Bí a bá san án tán, tí a san owó iná àti ti omi, tí a sì fi ohun tó yẹ ránṣẹ́ sí àwọn òbí wa, ohun tó kù kì í gbé wa dé ọjọ́ ogún oṣù. Nígbà tí a mọ̀ pé ọmọ ń bọ̀, a jókòó lálẹ́ ọjọ́ kan, a kọ gbogbo ìnáwó wa sínú ìwé, a ṣírò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò dọ́gba.

Àwọn ẹbí wa kò kọ́kọ́ fara mọ́ kíkó wa. Lójú àwọn àgbà kan, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà nínú ayé: láti oko lọ sí abúlé, láti abúlé lọ sí ìlú, láti ìlú lọ sí Kútọnu tàbí òkè òkun. Ẹni tó bá ń rìn padà lójú ọ̀nà yẹn, nǹkan ti bàjẹ́ fún un nìyẹn. Bàbá wa àgbà kan sọ ọ́ síta pé, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ti kàwé, ẹ gba lísáǹsì, ẹ dé Kútọnu, ẹ wá fẹ́ padà lọ sí Kétu. Kí ni kí á sọ fún àwọn tó bá béèrè yín?” A dọ̀bálẹ̀, a kúnlẹ̀, a sì dá wọn lóhùn pé, “Bàbá, ẹ sọ fún wọn pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì súre fún wa.

Títí di òní, a kò rò pé ìtìjú wà nínú ìdáhùn yẹn. Ẹni tó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀, tó kúrò nínú ilé tí ó ń jẹ ẹ́ run kí ọmọ rẹ̀ tó wá bá a nínú gbèsè, ọgbọ́n ló lò. Ìdúró sí ìlú ńlá nítorí ojú ayé nìkan jẹ́ ìgbéraga tí àwọn ọmọdé inú ilé máa ń san owó rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá rò pé a fẹ́ bá àwọn tó kó kúrò ní ìlú ńlá wí, kí ó fi ọkàn balẹ̀. Ẹ̀tọ́ wa láti wá kò sí nínú àríyànjiyàn. Ìbéèrè wa dá lórí ohun tó tẹ̀ lé wíwá náà.

Kétu ni a yàn, àwọn ìdí wa sì pọ̀. Èdè wa ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ni ọ̀kan nínú wa, ọmọ Àjàṣẹ́ ni èkejì. A kò lè pe ara wa ní ọmọ ìlú, ṣùgbọ́n a kò ní ṣi ọ̀nà nínú ìkíni. Ọ̀nà tó ti Àjàṣẹ́ gba Sákétẹ́ àti Pọ́bẹ̀ kọjá ló gbé wa dé ibẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ lórí ọkọ̀ àti ìwé nínú àpò ìrẹsì. Àgbàdo, iṣu, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀wà kò wọ́n ní ọjà ibẹ̀. Lékè gbogbo rẹ̀, ìlú akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ní ọdún 2013 ni ìjọba dá Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Kétu sílẹ̀. Ní ọdún 2016 ni ó di Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Orílẹ̀-èdè. A wí fún ara wa pé ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá pọ̀ sí, aṣọ kò ní ṣàì ya, ìwé kò sì ní ṣàì wà láti kà. Nígbà tí àyè iṣẹ́ ṣí sílẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní agbègbè náà, a kò ronú lẹ́ẹ̀mejì.

Yàrá ìsùn kan àti yàrá àlejò kan ni a rí, nínú agbo ilé tí igi máńgòrò kan wà láàárín rẹ̀. 18 000 fráǹkì ni onílé béèrè. Owó oṣù mẹ́ta ni ó gbà ṣáájú, kò sì béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ, gẹ́gẹ́ bí òfin tí orílẹ̀-èdè wa ṣe ní ọdún 2018 lórí ọ̀rọ̀ ilé yíyá ti wí. Nígbà tí a gbọ́ iye náà, a fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè pa ayọ̀ wa mọ́ra. A kò ná an rárá. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, a pe àwọn ọ̀rẹ́ wa ní Kútọnu lórí tẹlifóònù, a sì ń sọ fún wọn pé, “Bí ẹni pé ọ̀fẹ́ ni!”

Kí a tó kó ẹrù wọlé, a kun ilé náà ní ọ̀dà. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá ìsùn, a rí ohun tí ẹnì kan fi pẹ́ńsù kọ sára ògiri. Ìṣirò ni: gàrí, epo pupa, fọ́tòkópì, owó ilé, owó ọkọ̀ lọ sílé, pẹ̀lú iye tó wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó kọ ọ́ ti ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ nígbà mélòó kan, ó sì ti pa àwọn àròpọ̀ náà rẹ́, ó tún un rò. A wò ó, a rẹ́rìn-ín, a sì kun ọ̀dà lé e. Kò sí èyí tó rántí nínú wa pé a ti ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ rí, ní Kútọnu, kò tíì pé oṣù mẹ́rin.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé síkẹ́ẹ̀tì wá fún àtúnrán. Ọmọ apá Nàtìtìngú ni. Yorùbá tí ó kọ́ ní ọjà Kétu ló fi kí wa. Nígbà tí ó wọlé láti wọn aṣọ, ó dúró, ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó sì wí pé, “Tantí, ẹ ti kun ilé yìí. Ó dára.” Lẹ́yìn náà ni ó sọ, láìgbé ohùn sókè, pé inú yàrá wọn ni a ń gbé. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n jọ ń gbé ibẹ̀ fún ọdún méjì, òun pẹ̀lú tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tí wọ́n wá láti abà kan ní ẹ̀gbẹ́ Ṣábẹ̀ẹ́. 12 000 ni wọ́n ń san, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ní òpin ọdún ẹ̀kọ́, onílé sọ fún wọn pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń béèrè ilé, pé bí wọn kò bá lè san 18 000, kí wọ́n wá ibòmíràn. Ẹ̀yìn ìlú ni òun àti ẹ̀gbọ́n ń gbé báyìí; ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní òwúrọ̀, zẹ́mìjàn ni wọ́n ń gbà padà bí ilẹ̀ bá ti ṣú, nígbà tí owó bá wà. Àbúrò ti lọ ń gbé lọ́dọ̀ ìbátan wọn kan ní Pọ́bẹ̀, kò sì lè máa wá lójoojúmọ́. Nígbà tí ó sọ ọ́ tán, ó tọrọ àforíjì, bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀ wá. Ó san owó àtúnrán, ó dúpẹ́, ó lọ.

Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀ láàárín àwa méjèèjì. A fẹ́ to àwọn àwíjàre wa sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, nítorí pé a mọ̀ pé ọ̀pọ̀ òǹkàwé ni yóò ní wọn lọ́kàn.

Àwíjàre kìn-ín-ní ni ti àdéhùn. Onílé ló ni ilé rẹ̀. Ó dá iye lé e, a gbà, a san. A kò parọ́, a kò jalè, a kò mọ àwọn ọmọ náà rí. Níbo ni ẹ̀ṣẹ̀ wa wà? A gbà pé òdodo wà nínú èyí. Ṣùgbọ́n àdéhùn ẹni méjì, gbèsè ẹni méjì nìkan ló lè pa rẹ́. Bí àwa àti onílé bá bọ ara wa lọ́wọ́, ìyẹn fi hàn pé àwa kò jẹ onílé, onílé kò sì jẹ wá. Kò sọ ohunkóhun nípa ẹnì kẹta tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí a ń bọwọ́, tí ó sì jẹ́ pé ẹrù rẹ̀ ni wọ́n kó síta kí tiwa tó wọlé.

Àwíjàre kejì ni ti agbo ilé ẹni. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ wa ń bọ̀. Ìyá rẹ̀ kò lè máa sùn nínú omi. Ojúṣe wa àkọ́kọ́ ni láti rí ibi tó gbẹ fún wọn. Àwíjàre yìí lágbára gan-an, a kò sì rí ẹni tó lè bì í ṣubú. Ẹni tó bá fi ọmọ ara rẹ̀ sínú ewu kí aráyé lè pè é ní ẹni rere, ìwà rere rẹ̀ kò pé. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí á wo ibi tí àwíjàre náà dé àti ibi tí kò dé. Ó fún wa ní ẹ̀tọ́ láti wá ilé. Kò fún wa ní ẹ̀tọ́ láti má ṣe béèrè ẹni tó ń gbé inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ìbéèrè yẹn ìbá gbà lẹ́nu wa, a kò sì bi ẹnikẹ́ni, nítorí pé iye owó náà dùn mọ́ wa nínú, a kò sì fẹ́ gbọ́ ohun tí yóò ba adùn náà jẹ́.

Àwíjàre kẹta ni pé ìlú jèrè wa. Olùkọ́ kan wọ̀lú, aránṣọ kan wọ̀lú. A ń ra iṣu, a ń ra omi, a ń gbà zẹ́mìjàn, a ń kọ́ àwọn ọmọ wọn. Òótọ́ ni èyí pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n “ìlú” kò ní àpò kan ṣoṣo. Èrè tí a mú wá bọ́ sí àpò onílé àti ti àwọn ọlọ́jà; àdánù bọ́ sí ọrùn àwọn ọmọ mẹ́ta. A kò lè mú èrè ẹnì kan san gbèsè ẹlòmíràn, kí á sì wí pé ìwé ti dọ́gba. Olùkọ́ tó wá sí ìlú láti ran àwọn ọmọ lọ́wọ́ kí wọ́n lè dé yunifásítì, tí dídé rẹ̀ sì mú kí àwọn tó ti dé ibẹ̀ jìnnà sí i, ó yẹ kí ó jókòó ronú.

Níbi tí a ti ń ronú yìí ni èdè wa fúnra rẹ̀ ti là wá lójú. Yorùbá a máa pe ohun tí kò gbówó lórí ní ọ̀pọ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń sọ pé nǹkan kún, pé ó rẹpẹtẹ. Ohun tó gbówó lórí, a ní ó wọ́n. Ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń sọ pé nǹkan ṣòroó rí, òun náà sì la fi ń pe ẹni tí a fẹ́ràn: ọ̀wọ́n wa. Ọgbọ́n ọlọ́jà ló wà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì. Nígbà tí àgbàdo bá pọ̀ lóko, àgbàdo á dọ̀pọ̀ lọ́jà. Ẹni tó bá rà á kò gba oúnjẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, nítorí pé ó ṣẹ́ kù. Nítorí náà, bí a bá gbọ́ pé ilé dọ̀pọ̀ ní Kétu, ọkàn wa á lọ síbi àgbàdo: ilé kún ibẹ̀, ẹni tó bá gba ọ̀kan kò dín ti ẹlòmíràn kù.

Ṣùgbọ́n ilé kò hù bí àgbàdo. Yàrá tí akẹ́kọ̀ọ́ lè gbé nítòsí ilé ẹ̀kọ́ níye. Ohun tó mú kí owó ilé kéré kì í ṣe pé ilé pọ̀. Àpò àwọn tó ń gbé inú wọn ni kò jìn. 12 000 fráǹkì tí àwọn ọmọ mẹ́ta yẹn ń san, ọ̀wọ́n ni lójú wọn. Ògiri ẹ̀yìn ilẹ̀kùn jẹ́rìí sí i. Iye kan náà, tàbí èyí tó fi ẹgbẹ̀rún mẹ́fà jù ú lọ, ọ̀pọ̀ ni lójú wa, nítorí pé Kútọnu ni a ti gbé òṣùwọ̀n wa wá. Nígbà tí a ń pariwo lórí tẹlifóònù pé bí ẹni pé ọ̀fẹ́ ni, àìní ẹlòmíràn ni a ń yọ̀ sí láìmọ̀.

Ẹ wo Kálàví. Ní ọdún 1970 ni yunifásítì àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè wa bẹ̀rẹ̀, ọgbà rẹ̀ tó tóbi jù sì wà níbẹ̀. Àwọn tí Kútọnu ni lára kó lọ sí Kálàví nítorí ọ̀pọ̀, àwọn mìíràn tẹ̀ lé wọn, ilé ń ga, ilẹ̀ ń tà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń wá yàrá nítòsí ọgbà yunifásítì lónìí mọ̀ bóyá ọ̀pọ̀ ṣì ni orúkọ rẹ̀. Kò sí ẹnì kan tó gbèrò láti ba ìlú náà jẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́. Oníkálukú wá ilé fún ọmọ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí tiwa.

Ìlú tí a wá sí yìí sì ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ fún àlejò. Ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ Kétu sọ pé nígbà tí àwọn baba ńlá ìlú náà dé ibi tí ó wà lónìí, wọn kò ní iná. Wọ́n bá arúgbó obìnrin kan nítòsí, Yá Mefu ni orúkọ rẹ̀ nínú ìtàn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n sì ti gba iná tí wọ́n fi dáná alẹ́ àkọ́kọ́. Ọba ni àwọn tó dé yìí. Wọ́n ní ọdẹ, wọ́n ní ẹmẹ̀wà. Síbẹ̀, ìtàn wọn kò fi í pamọ́ pé ẹnì kan ti wà níbẹ̀ ṣáájú wọn, pé ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n sì ti tọrọ. Ẹni a bá lábà ni baba: ìlú tó gbà pé òwe yìí kan òun náà, láti ọjọ́ tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ dó, ó yẹ kí àwa tó dé lánàá lè fi kọ́gbọ́n.

Ẹ̀kọ́ kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní ọdún 1886, àwọn ọmọ ogun Dànhọ̀mẹ̀ fọ́ Kétu, wọ́n sì kó àwọn ará ìlú lẹ́rú lọ. Lẹ́yìn tí ìjọba Dànhọ̀mẹ̀ ṣubú lọ́wọ́ àwọn Faransé ni àwọn tó yè padà wá tún ìlú wọn kọ́ lórí ahoro. Ẹnu-bodè Àkàbà Ìdènà ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Àwọn tó padà sórí ahoro nítorí pé ilé wọn ni, wọ́n mọ ohun tí ó túmọ̀ sí láti pàdánù ilé. Kò sí ilé kankan ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ tó yẹ kí àlejò pè ní ọ̀pọ̀ láìronú.

Kí wá ni ṣíṣe? A kò gbà pé kí ẹni tó ti wá padà sí ibi tí ó ti wá. Bí a bá kó jáde, onílé yóò gba òṣìṣẹ́ mìíràn, bóyá ní 20 000. Ẹ̀rí ọkàn tí kò ṣe ju pé ó mú ni sá kiri kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Lójú tiwa, gbèsè mẹ́ta ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé jẹ, ó sì lè san wọ́n láìfi ọmọ rẹ̀ sun ìta.

Èkíní ni ìbéèrè. Kí ó tó san owó, kí ó béèrè ẹni tó ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìdí tí ó fi kúrò, àti iye tí ó ń san. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹnu ni ó fi ń ríran. Bí ìdáhùn bá fi hàn pé nítorí tirẹ̀ ni wọ́n ṣe ń lé ẹlòmíràn, kí ó wá ibòmíràn, níwọ̀n ìgbà tí ibòmíràn bá wà.

Èkejì ni òṣùwọ̀n. Kí ó fi òṣùwọ̀n ìlú ńlá sílẹ̀ sí ìlú ńlá. Kí ó ná ilé bí ọmọ ìlú ti ń ná an. Àwa rò pé ọ̀làwọ́ ni a jẹ́ nígbà tí a san 18 000 láìná an. Kò yé wa pé àìná wa ń kọ́ onílé ní iye tí yóò bi ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Kí ó sì ṣọ́ ẹnu rẹ̀ nígbà tí ó bá ń ròyìn ìlú náà fún àwọn tó wà lẹ́yìn.

Ẹ̀kẹta ni iná. Ẹni tó gba iná, ó yẹ kí ó jẹ́ kí ẹlòmíràn yá iná níbi tirẹ̀. Kí ó fi nǹkan tí ó mọ̀ ọ́n ṣe lélẹ̀ fún àwọn tó bá níbẹ̀, ní iye tí agbára wọn ká, kí ìlú má baà jẹ́ ibùsùn lásán fún un.

A ti gbìyànjú láti san tiwa, a kò sì fẹ́ gbé e ga ju bí ó ti mọ lọ. Ìyá àgbà kan wà nínú agbo ilé wa, ẹ̀gbọ́n onílé ni wọ́n. A lọ bá wọn, a ro ẹjọ́ ara wa fún wọn. Wọ́n gbọ́ tán, wọ́n wí pé, “Ẹ̀yin ọmọ mi, a rò pé ẹ mọ̀ ni.” Gbólóhùn yẹn dùn wá ju èébú lọ. Wọ́n bá wa dé ọ̀dọ̀ àbúrò wọn. Yàrá kan wà lẹ́yìn ilé tí onílé ti fún wa láti máa kó aṣọ àti ẹrù sí. A ní a yọ̀ǹda rẹ̀, a ó sì tún un ṣe fúnra wa, bí ó bá lè gbé e fún àwọn ọmọ náà ní 8 000, iye tí àwọn méjì ń san tẹ́lẹ̀. Ó wò wá títí. Ó bi wá bóyá àwa ni yóò máa san án bí wọn kò bá rí i san. A wo ojú ara wa, a sì gbà láti dúró fún wọn. Ó gbà.

Àwọn méjì ti padà sínú agbo ilé. Aṣọ tí a ń rán ti kún yàrá àlejò wa débi pé àlejò kò rí ibi jókòó, ọmọ wa sì ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ní alẹ́ ọjọ́ Ọjọ́rú, a máa ń bá àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà ní àdúgbò ka ìwé lábẹ́ igi máńgòrò, láìgba owó. Akẹ́kọ̀ọ́ méjèèjì náà ń ràn wá lọ́wọ́ nínú ìṣirò. Ṣùgbọ́n àbúrò tó lọ sí Pọ́bẹ̀ kò padà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ fún wa pé ó ti fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní ọdún tí a wà yìí, pé bóyá ọdún tó ń bọ̀. A kò lè sọ pé àwa nìkan ló fà á. A kò sì lè sọ pé a kò mọ́ ọn. Gbèsè kan wà tí ènìyàn kò rí san tán, ohun tó kù fún un ni kí ó má ṣe pè é ní orúkọ mìíràn.

Ní oṣù tó kọjá, ọ̀rẹ́ wa kan pè wá láti Kútọnu. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ti ṣírò owó wọn lẹ́ẹ̀mẹta, kò dọ́gba. Ó bi wá pé, “Ṣé ilé ọ̀pọ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ yín níbẹ̀?” Ó pẹ́ kí á tó dá a lóhùn, nítorí pé a mọ irú alẹ́ tí wọ́n wà. A sọ fún un pé ilé wà, kí wọ́n máa bọ̀, a ó bá wọn wá a. A wá sọ fún un pé ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ san owó, a ó jọ lọ ni, kí á lè kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ń gbé ibẹ̀.